Kẹ́ẹ̀gì Omi àti Ìkòkò Tí Kò Mọ́: Ìtàn Karl Ziegler

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ọ, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní ká máa kọ ọ́ kí ẹ lè rí i kà fún àwọn ọmọ kíláàsì yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín. Ó ṣeé ṣe kí kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ta òróró nígbà kan, tó wá di ohun ìpọnmi. Ẹ wo ìdérí ìgò omi. Ẹ wo àga ike tí wọ́n ń tò síta níbi òde ìnáwó. Ẹ wo àpò ìrẹsì tí wọ́n hun bí ẹní.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń pọnmi. Àìmọye ìgbà ló bọ́ lọ́wọ́ mi, tó yí gbirigbiri lọ sínú gọ́tà. Kò fọ́ rí. Ìyá wa àgbà á wò mí, wọn á ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ ike. Ká ní ìkòkò amọ̀ ni, àpáàdì là bá máa ṣà.”

Lónìí, a fẹ́ mọ ẹni tí púpọ̀ nínú ọpẹ́ yẹn tọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ ni Karl Ziegler, ọmọ Jámánì. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ike ló jókòó tì láti wá. Nǹkan kan bàjẹ́ nínú ìkòkò kan ní láàbù rẹ̀, ó sì kọ̀ láti da ohun tó bàjẹ́ náà nù kó tó mọ ìdí tó fi bàjẹ́.

Irin àti kábọ̀nù

Ká tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ ká mọ irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe.

Epo pupa, ṣúgà, igi, awọ, bẹntiróòlù, ara èmi àti ẹ̀yin, gbogbo wọn ni kábọ̀nù wà nínú wọn. Bí igi bá jó tí ó ku èédú, kábọ̀nù náà lẹ̀ ń wò yẹn. Irin tún wà lọ́tọ̀: bàbà, alumíníọ̀mù, sínkì, níkẹ́ẹ̀lì. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì pín ara wọn sí méjì. Àwọn kan gbájú mọ́ ohun oníkábọ̀nù, àwọn yòókù gbájú mọ́ irin àti òkúta.

Àmọ́ ènìyàn lè so kábọ̀nù mọ́ irin tààrà. Ní 1900, Victor Grignard, ọmọ Faransé, fi ọ̀nà kan hàn tó rọrùn láti so ó mọ́ màgínísíọ̀mù, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1912. Iṣẹ́ síso irin mọ́ kábọ̀nù yìí ni Ziegler fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Kí ni èrè rẹ̀? Kábọ̀nù tó so mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ kì í farabalẹ̀. Ó máa ń wá kábọ̀nù mìíràn tí yóò dì mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi kọ́ ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Àìfarabalẹ̀ yìí kan náà ló sọ ọ́ di ohun eléwu. Púpọ̀ nínú wọn, bí atẹ́gùn bá ti kàn wọ́n báyìí, iná ni. Bí omi bá wá kàn wọ́n, ọ̀rọ̀ á tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, inú ohun èlò tí wọ́n ti lé atẹ́gùn kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi gáàsì tí kì í jà bíi náítrójìn rọ́pò, ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a nílò ni kátálíìsì. Ẹ mọ alárinà nínú ètò ìgbéyàwó wa. Òun ló ń mú ọkùnrin àti obìnrin tí kò mọra pàdé, tó ń lọ tó ń bọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀ ba. Kì í bá wọn wọlé ọkọ. Ó ti lọ síbòmíràn, ó ń so àwọn mìíràn pọ̀. Bí kátálíìsì ṣe rí nìyẹn: ó ń mú kí nǹkan méjì tètè dàpọ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ fún ohun púpọ̀.

Ọmọ àlùfáà

Wọ́n bí Karl Ziegler ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1898 ní Helsa, nítòsí ìlú Kassel. Àlùfáà ìjọ Luther ni bàbá rẹ̀. Ìwé físíìsì kan tó kà nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ló ta ọkàn rẹ̀ jí. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe ìdánwò tirẹ̀ nínú ilé, tó ń kàwé kọjá ohun tí olùkọ́ ń kọ́ wọn. Nígbà tó wọ Yunifásítì Marburg, ohun tó ti mọ̀ pọ̀ débi pé wọ́n jẹ́ kó fo ọdún kìíní. Ó lọ sójú ogun fún ìgbà díẹ̀ ní 1918, síbẹ̀ ní 1920 ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Karl von Auwers. Ọmọ nǹkan bí ọdún 21 ni.

Ní 1926 ó dé Heidelberg, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì tó ṣe níbẹ̀ ṣe pàtàkì.

Èkíní ni ti lítíọ̀mù, irin tó fúyẹ́ jù nínú gbogbo irin. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ so kábọ̀nù mọ́ lítíọ̀mù ní láti gba ọ̀dọ̀ ohun tó ní màkúrì nínú kọjá, májèlé ni màkúrì sì jẹ́. Ní 1930, Ziegler àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan fi hàn pé a lè ju lítíọ̀mù gan-an sínú ohun oníkábọ̀nù tó yẹ, kí ó sì dì mọ́ ọn láìsí màkúrì kankan. Títí di òní, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ṣe ohun èlò tí àwọn láàbù kẹ́mísírì káàkiri ayé ń lò.

Èkejì ni ti òrùka ńlá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mólíkù kan gùn, ó ní ọwọ́ ní ìkángun méjèèjì, a sì fẹ́ kó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì ara rẹ̀ mú kó lè di òrùka. Nínú èrò ọjà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ bà. Ziegler mú ìmọ̀ràn kan lò tí Paul Ruggli ti dá ṣáájú: ó fi ohun olómi púpọ̀ là á, débi pé mólíkù kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wà. Ẹni tó bá dá dúró sí gbàgede, ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló kù fún un láti dì mú. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà rí òrùka ńlá bíi ti òórùn dídùn tí wọ́n ń lò nínú lọ́fínńdà.

Àdéhùn kan ní Mülheim

Ní 1936 ó kó lọ sí Halle. Ní 1943, ogun ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ní kó wá di olùdarí ibùdó ìwádìí kan ní Mülheim, ní agbègbè Ruhr. Orúkọ ibùdó náà gan-an, ìwádìí èédú ilẹ̀ ni. Èédú ni gbogbo agbègbè yẹn fi ń jẹun nígbà náà. Kí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ síso irin mọ́ kábọ̀nù fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ziegler sọ fún wọn pé òun á wá, àmọ́ lórí àdéhùn kan: kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ìwádìí èyíkéyìí tó wu òun nínú kẹ́mísírì kábọ̀nù, ì báà kan èédú, ì báà má kàn án. Wọ́n gbà.

Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Ipò ńlá ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó rọrùn kí ènìyàn sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni sà,” kó gba ipò, kó sì máa ṣe ohun tí kò wù ú títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá dè é mọ́ èédú, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yóò kú sọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kò kan èédú rárá.

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gùn

Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ́tílínì. Kábọ̀nù méjì àti háídrójìn mẹ́rin ni. Ẹ ti ń lò ó láìmọ̀, nítorí òun ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n máa ń tú jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n mọ́ èyí tó ti pọ́n, kí gbogbo rẹ̀ lè tètè pọ́n.

Ziegler àti H. G. Gellert fẹ́ sọ ohun kan tó ní lítíọ̀mù nínú di mímọ́. Wọ́n gbé e kaná, ó bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ohun tó bàjẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé ẹ́tílínì jáde nínú rẹ̀, àti pé àwọn kan nínú rẹ̀ ti gùn ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó ṣe gùn kò ṣòro láti mọ̀: ẹ́tílínì tó jáde ti wọ àárín lítíọ̀mù àti kábọ̀nù, ó sì jókòó síbẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n dán an wò pẹ̀lú alumíníọ̀mù, ó sì dára ju ti lítíọ̀mù lọ. Ní ooru tó tó nǹkan bí 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, nínú ìkòkò irin tí wọ́n dé pa, ẹ́tílínì ń wọ àárín alumíníọ̀mù àti kábọ̀nù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kábọ̀nù méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́jọ. Bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sókùn ni. Láti ara iṣẹ́ yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ti rí èròjà gígùn tí wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ ìfọṣọ.

Ṣùgbọ́n okùn náà ní ibi tó ń gùn dé. Kó tó gùn tó ohun tí a lè pè ní ike, á já kúrò lára alumíníọ̀mù, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀. Ziegler fẹ́ mọ ohun tó ń já a.

Ìkòkò tí kò mọ́

Ní nǹkan bí 1952 sí 1953, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Erhard Holzkamp ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun kan náà ló dà sínú ìkòkò irin, ó dé e, ó gbé e kaná. Nígbà tó ṣí i, kò rí okùn gígùn. Ohun tó bá níbẹ̀ ni bútínì, gáàsì tó ní kábọ̀nù mẹ́rin péré. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì, okùn já.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo mọ ohun tí èmi ì bá ṣe. Ǹ bá fọ ìkòkò náà dáadáa, ǹ bá tún iṣẹ́ ṣe, n kò sì ní sọ fún ọ̀gá mi.

Wọn kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó yí padà. Lẹ́yìn ìwádìí tó gba sùúrù, wọ́n mú ọ̀daràn náà: níkẹ́ẹ̀lì. Irin tí kì í dógùn-ún tí wọ́n fi ń ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní níkẹ́ẹ̀lì nínú, ìwọ̀nba tín-ín-tín-ín sì ti wà lára ìkòkò Holzkamp. Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Síbẹ̀ ó tó láti já okùn gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò. Alárinà tí wọn kò pè ló ti wọlé, tó sì ti da ètò rú.

Ibi tí ọgbọ́n Ziegler ti hàn nìyí. Kò sọ pé, “Ó dáa, ẹ má jẹ́ kí níkẹ́ẹ̀lì wọ ibẹ̀ mọ́.” Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé bí ìwọ̀nba níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bá lè yí gbogbo nǹkan padà, kí ni àwọn irin yòókù lè ṣe? Ó sì ní kí wọ́n dán wọn wò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Iṣẹ́ yẹn bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, Heinz Breil. Irin kan, ìkòkò kan. Irin mìíràn, ìkòkò mìíràn. Àwọn kan kò ṣe nǹkan kan, àwọn kan ṣe bíi níkẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó kan irin tí wọ́n ń pè ní sìkóníọ̀mù, tó ṣí ìkòkò, nǹkan funfun líle ló kún inú rẹ̀. Okùn kò já rárá. Ó ti gùn kọjá gbogbo ohun tí wọ́n ti rí ní láàbù náà rí. Wọ́n ń wá ohun tó ń já okùn, wọ́n wá rí ohun tí kì í jẹ́ kó já.

Nínú ìgò dígí

Lẹ́yìn èyí, Heinz Martin dán títáníọ̀mù wò, irin tó jẹ́ ọmọ ìyá sìkóníọ̀mù nínú àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì. Ó yá ju ti sìkóníọ̀mù lọ. Ó yá débi pé wọ́n ń dín agbára tí wọ́n fi ń ti gáàsì náà sínú ìkòkò kù, títí tí wọ́n fi rí i pé kò nílò agbára kankan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1953, inú ohun èlò dígí lásán ni Martin ti ṣe é. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́tílínì máa hó wọ inú ohun olómi tí kátálíìsì wà nínú rẹ̀, ike funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Kí ló dé tí dígí fi jẹ́ ìròyìn ńlá? Ike ẹ́tílínì kì í ṣe tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ICI ní England ti ṣe é ní 1933. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn gba kí wọ́n fún gáàsì pọ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000 ju bí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ṣe rí lọ. Ẹ rántí pé táyà mọ́tò yín, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ni, ẹ sì mọ ariwo tó máa ń pa bí ó bá bẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ìlọ́po 1,000. Irin nípọn, owó pọ̀, ewu sì wà. Ohun tí ICI ń fi irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣe ni àwọn ará Mülheim wá ṣe nínú ìgò.

Ike náà tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti ICI máa ń yọ ẹ̀ka, bí igi inú igbó. Ẹ gbìyànjú láti di ẹ̀ka igi pọ̀, ẹ ó rí i pé àlàfo á wà láàárín wọn. Ti Ziegler tọ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ẹ di ìgbálẹ̀ pọ̀, á fún pinpin, kò sì rọrùn láti ṣẹ́. Nítorí náà, ike ti ICI rọ̀, ó dára fún ọ̀rá; ti Ziegler le, ó lágbára, ooru tó lè yọ́ ọ sì ga ju ti omi tó ń hó lọ. Òun ni ike kẹ́ẹ̀gì.

Báwo ni títáníọ̀mù ṣe ń ṣe é? Ẹ wò ó bí ẹni tó ní àga méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn kábọ̀nù jókòó sórí ọ̀kan, èkejì ṣófo. Ẹ́tílínì kan wá, ó jókòó sórí èyí tó ṣófo. Okùn náà dìde, ó dì mọ́ ẹ́tílínì yẹn. Àga tí okùn dìde lórí rẹ̀ ti ṣófo báyìí, ẹ́tílínì mìíràn sì wá jókòó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, láìsí pé títáníọ̀mù kúrò níbi tó wà. Iṣẹ́ alumíníọ̀mù ni láti fún títáníọ̀mù ní kábọ̀nù àkọ́kọ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Piet Cossee, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netherlands, ló fi àlàyé yìí lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, òun náà sì ni a ṣì ń fi kọ́ni.

Ọ̀rọ̀ Natta

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, Ziegler béèrè fún ìwé tó fún un ní ẹ̀tọ́ lórí àwárí náà. Ẹ́tílínì ni ìwé náà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní Milan, ní Ítálì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Giulio Natta. Ilé iṣẹ́ Montecatini, tí Natta ń bá ṣiṣẹ́, ti bá Ziegler ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó ń lọ ní láàbù rẹ̀. Nígbà tí Natta gbọ́ nípa kátálíìsì tuntun yìí, ó fi própílínì sí i. Própílínì dà bí ẹ́tílínì tó ní ìrù kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1954, ó ti rí ike tuntun.

Natta sì rí ohun kan tó jinlẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn ìrù yẹn bá kọjú síbi tó wù wọ́n, ohun rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ la ó rí. Bí gbogbo wọn bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, bí eyín ìyarun, wọ́n á tò pọ̀ dáadáa, ike náà á sì le. Kátálíìsì náà lè tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Àga ike tí ẹ jókòó lé níbi ìnáwó, àpò ìrẹsì tí wọ́n hun, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Àwọn ará Ítálì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí própílínì kí Ziegler tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dun Ziegler, nítorí kátálíìsì tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àárín àwọn méjèèjì bàjẹ́. Síbẹ̀, ní 1963, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fún ní ẹ̀bùn Nobel, orúkọ tí ayé sì ń pe kátálíìsì náà títí di òní ni Ziegler–Natta. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ láàárín wọn, ayé ti so orúkọ wọn pọ̀. Ta ni olówó ẹ̀tọ́, ẹni tó gbin igi ni, àbí ẹni tó rí èso tí ẹni tó gbìn ín kò tíì ká? Mo fi í sílẹ̀ fún yín.

Ohun tó fi sílẹ̀

Owó àwárí yìí wọlé gan-an. Nígbà tí Ziegler pé ẹni 70 ọdún, ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìwádìí ní ibùdó Mülheim, nǹkan bí 40 mílíọ̀nù Deutsche Mark. Ó fẹ̀yìn tì ní 1969, Günther Wilke gba ipò rẹ̀. Wilke sì padà sídìí níkẹ́ẹ̀lì yẹn, èyí tó ba iṣẹ́ Holzkamp jẹ́, ó sì fi ṣe iṣẹ́ ńlá tirẹ̀. Ziegler kú ní Mülheim ní oṣù kẹjọ ọdún 1973. Ibùdó náà ṣì ń jẹ́ orúkọ èédú títí di òní, wọn kò sì dè é mọ́ èédú. Ní 2021, Benjamin List, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ lórí kátálíìsì tí kò ní irin kankan nínú.

Ní Nàìjíríà níbí, ilé iṣẹ́ Eleme nítòsí Port Harcourt ń fi gáàsì ilẹ̀ wa ṣe irú ike méjèèjì, ti ẹ́tílínì àti ti própílínì.

Ìbéèrè olùgbọ́ wa kan

Nígbà tí mo sọ pé ọ̀rọ̀ Ziegler la máa sọ, olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé ọkùnrin tó kó ìdọ̀tí bá gọ́tà wa lẹ fẹ́ máa yìn?”

Mi ò fẹ́ fi ẹ̀rín yí ọ̀rọ̀ náà dànù. Lọ́dọọdún, ike ẹ́tílínì nìkan tí ayé ń ṣe lé ní 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, bí a bá ka ti oríṣiríṣi ọ̀nà pọ̀. Ohun tó mú kí kẹ́ẹ̀gì mi má fọ́ nígbà tó bọ́ sínú gọ́tà, òun náà ni kò jẹ́ kó jẹrà níbẹ̀. Kábọ̀nù di kábọ̀nù mú, okùn náà gùn, kòkòrò inú ilẹ̀ kò sì rí ibi tí yóò ti gé e jẹ. Wọ́n wá okùn tí kò ní já, wọ́n sì rí i. Kò já lóòótọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì. Àwọn okùn yẹn kò so mọ́ra wọn. Ṣe ni wọ́n kàn sùn ti ara wọn. Nítorí náà, bí iná bá kàn wọ́n, wọ́n á yọ́, a sì lè fi wọ́n ṣe nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì tó ti ya fi ṣì ní owó lórí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣa ike. Ìṣòro wa pọ̀ lọ́wọ́ bí a ṣe ń lò ó lẹ́ẹ̀kan ká tó sọ ọ́ nù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun kan nìyí tí ẹ lè ṣe ní kíláàsì láìná kọ́bọ̀. Ẹ gé ìdérí ìgò omi, ẹ gé lára ìgò náà fúnra rẹ̀, kí ẹ jù wọ́n sínú báàfù omi. Ẹ tẹ̀ wọ́n wọlé dáadáa kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé wọn dúró. Ìdérí á léfòó, nítorí ọmọ ìdílé Ziegler àti Natta ni, ó fúyẹ́ ju omi lọ. Ara ìgò á rì, nítorí ike mìíràn ni. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn tó ń tún ike ṣe fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ọmọ kan bá wá bá yín pé tòun kò rì, tàbí tòun kò léfòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ó ti ṣe é bàjẹ́. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ jọ wá ìdí rẹ̀.

Ibi tí a ó ti dúró nìyí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dìgbà kan ná.